Ẹ̀rọ Ìrẹ́gi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ránṣẹ́

Òórùn lẹ́búlẹ́bú ìrókò kì í kúrò lẹ́yìnkùlé wa ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Abẹ́ páànù tí mo kàn síbẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ayùn ọwọ́ ni mo sì fi ń la gbogbo pákó mi. Oníṣẹ́ iná kan ń gbé nínú ilé kan náà, ó tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí lọ. A ò gbọ́ra wa yé. Eruku mi máa ń bà sórí aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ bá sá, òun náà a sì máa fi ẹsẹ̀ gbá pákó mi kúrò lọ́nà bí ẹni ń lé ajá.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìrẹ́gi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà dé, gbogbo ilé ló jáde wá wò ó. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, mo bá gé e, mo fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀. Oníṣẹ́ iná bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò tó ń yí ayùn rẹ̀.

Ó ní, “Iná fóltì 110 ni eléyìí ń lò, 240 sì ni iná tiwa. Má tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wá tiransifọ́mà tó máa bu iná kù ná.”

Inú bí mi. Lójú mi, kò fẹ́ kí n gòkè ni. Mo ní, “Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?” Àwọn tó dúró tì wá wo ara wọn, nítorí n kò pe àgbà ní “ìwọ” rí nínú ilé yẹn. Ó nàró, ó ní kí n tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ká wò ó.

Mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ayùn náà yí débi pé n kò rí eyín rẹ̀ mọ́, ariwo rẹ̀ sì ń han etí. Kí n tó gbé pákó lé e, èéfín ti ń tú jáde nínú mọ́tò. Ó dákẹ́, kò sì dún mọ́.

Ìtìjú yẹn ló sọ mí di ìkà. Lójú ìyàwó oníṣẹ́ iná àti àna rẹ̀ tó wá kí wọn láti Gàmbàrí, mo ní ó ti lọ fọwọ́ kan wáyà ilé kí iṣẹ́ mi lè bàjẹ́. Kò bú mi. Ó ní, “Ọlọ́hun gbọ́.” N kò fi mọ síbẹ̀. Gbogbo oníbàárà tó wá sọ́dọ̀ mi ni mo ń sọ fún pé ilé tí oníṣẹ́ iná yẹn bá ti ṣiṣẹ́, jíjó ló máa jó. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn èèyàn kò pè é síṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún wọn ṣe nítòsí Ọjà-Ọba. Ó tú u, ó fi wáyà dúdú inú rẹ̀ hàn mí, ó ní, “Iná ló pọ̀ jù fún un. Ta ló so ó?”

Mo mú ìyá onílé wa lẹ́yìn, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún oníṣẹ́ iná. Ó ní, “Mo ti forí jì ọ́, ṣùgbọ́n má kí mi mọ́.” Kò pẹ́ tó kó jáde nílé náà.

Mo ti lo ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí èyí tí n kò ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí n tó so ó mọ́ iná. Ìyẹn rọrùn láti kọ́. Èyí tó wúwo ni pé àwọn oníbàárà tí mo parọ́ fún ti túká káàkiri Ìlọrin, n kò mọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tí mo bà jẹ́, n kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà dá a padà fún un.