Ihò tó wà lágbọ̀n Bàbá mi

Bàbá mi ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìfọ̀. Ohùn rẹ̀ ló ń jí gbogbo wa ní Àsùbáà, èmi ọmọ rẹ̀, aránṣọ, ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fa aṣọ borí.

Nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká, eyín ńlá kan lẹ́yìn ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn mọ́. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín, ó sì fà á. Dókítà ní kó má fi omi ṣan ẹnu lọ́jọ́ náà rárá, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò eyín ni ìdérí rẹ̀. Bàbá dúpẹ́, ó délé, ó ṣe àlùwàlá. Tirẹ̀ kì í ṣe kékeré: ó máa ń gbọn omi lẹ́nu bí ẹni ń fọ kèrègbè. Nígbà tí mo pariwo, ó ní, "Omi àlùwàlá kì í ṣe omi lásán, ọmọ mi. Ti Ọlọ́hun ni."

Ti Ọlọ́hun náà ni ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá omi náà jáde. Kò pẹ́ tí ìrora kan fi dé tó ju ti eyín lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu: ihò ti gbẹ, egungun àgbọ̀n ń wò mí, funfun báláú. Ẹ̀rù bà mí. N kò tíì rí egungun ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rí.

Mo mú un padà lọ, dókítà fọ ihò náà, ó fi òwú olóògùn dí i, ó ní ara á ṣe ìyókù. Lèmọ́mù pàápàá bá a sọ̀rọ̀ pé kó rọra gba omi sẹ́nu, kó jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò kan ló nira, tó ní àgbọ̀n tó bá ti nihò lè kán bí ẹni tó ni ín bá lanu ké. Bàbá gbà á gbọ́. Ó fi ìrun pípè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ń jókòó sílé bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí dókítà yọ òwú náà, ní àràárọ̀ ni mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ẹran pupa kọ́kọ́ yọ nísàlẹ̀ ihò, ó ń gòkè bọ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ náà ń sún mọ́ra títí wọ́n fi pàdé. Bàbá ń sùn, ó ń mu ẹ̀kọ, ó ń ṣàròyé, iṣẹ́ sì ń lọ lẹ́nu rẹ̀ láìsí ariwo òòlù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, n kò rí aṣọ tó dí ihò ara rẹ̀ rí. Ẹnu yà mí, mo sì sọ fún un. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn tan òun, egungun abẹ́ ẹran ńkọ́?

Oṣù gorí oṣù. A padà sọ́dọ̀ dókítà, ó fi ẹ̀rọ ya àwòrán àgbọ̀n náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ iná. Níbi tí eyín wà rí, egungun tuntun ti kún un. Bàbá wò ó títí.

"Dókítà, ta ló dí i?"

"Èmi kọ́, Bàbá. N kò fọwọ́ kan egungun yẹn."

A délé. Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí, tó lanu pe ìrun Mọ̀gàríbì pé Ọlọ́hun ló tóbi jù. Láti kékeré ni mo ti ń fa aṣọ borí sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo lọ ṣe àlùwàlá.