Ẹja Odò Tó Fẹ́ Sọ Mí Di Arúgbó

Ohun tó fẹ́ ba ìgbéyàwó mi kejì jẹ́ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà gbìyànjú. Ìkarahun ìṣáwùrú ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kọ́ nípa ohun àtijọ́ ní yunifásítì ló kó ọ̀rọ̀ náà wọlé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wa ilẹ̀ ní ìdí ààtàn àtijọ́ kan lẹ́bàá odò ní Ìkirè-Ilé, ilé mi ní Ìkirè ló sì ń sùn. Mo rò pé góòlù ni wọ́n ń wá. Nígbà tí mo yọjú síbẹ̀, mo bá olùkọ́ wọn, àgbàlagbà tó wọ awò ojú, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá ara egungun ẹja. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo rọra padà sẹ́yìn. N kò mọ àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ náà tún yà kí mi, ó ní èsì àyẹ̀wò ti dé láti òkè òkun. Inú ààrò kan náà ni wọ́n ti wú èédú àti ìkarahun ìṣáwùrú. Ẹni tó dáná ọ̀hún ló jẹ ìṣáwùrú ọ̀hún. Síbẹ̀, àyẹ̀wò ní ìṣáwùrú fi ọ̀pọ̀ ọdún ju èédú lọ.

Mo ní, "Èwo ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

"Kò sí èyí tó ń purọ́, Bàbá Kékeré. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tó bá wà láàyè ló ń gba oríṣi kábọ́ọ̀nù kan sára. Ọjọ́ tó bá kú, kò gbà á mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù la fi ń mọ ìgbà tó kú. Inú afẹ́fẹ́ ni igi ti ń gba tirẹ̀. Inú omi ni ìṣáwùrú ti ń gba tirẹ̀, omi sì lè ti ṣàn gba ara òkúta àti ẹrẹ̀ àtijọ́, kó ti gbé kábọ́ọ̀nù tó ti gbó, tó ti dín kù tẹ́lẹ̀, dání."

"Ẹja ńkọ́?"

"Bákan náà ni. Kódà, ẹni tó bá ń jẹ ẹja irú odò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bí wọ́n bá yẹ egungun rẹ̀ wò, á dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo odò o."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó wọ mọ́tò Ìbàdàn, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi tó ti ń ro mí.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo sì sáré ka àwọn kan nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àlàyé yẹn, "á dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ" nìkan ló dúró sí mi létí. Láti ìgbà tí mo ti hu eyín ni mo ti ń jẹ ẹja odò. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ìbá sì sàn díẹ̀ ká ní kì í ṣe pé obìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya, lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, ẹja yíyan ló ń tà ní Àpòmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń sọ kiri pé mo ti gbó jù fún àbúrò òun. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n "Bàbá" ló máa ń pè mí, kó lè dùn mí.

Mo bá lọ wo dígí. Irùngbọ̀n mi ti funfun lápá kan, n kò sì rántí pé mo rí i bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní mọ́sáláṣí, bí mo ṣe ń dìde láti ìforíkanlẹ̀, orúnkún mi dún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bojú wẹ̀yìn. Mo ní, ó parí, ẹja ti ń ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà n kò fi ẹja kan ẹnu mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni obìnrin náà ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ ọlọ́kadà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì ń gbé e fún aládùúgbò mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń dá oko kòkó. Èmi wá sọ dòdò Ìkirè di oúnjẹ, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, kò bá odò ṣọ̀rẹ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé aládùúgbò mi ń jẹ ẹja mi, ara rẹ̀ sì ń dán bí ọmọ tuntun. Mo sọ fún ara mi pé inú egungun ni tirẹ̀ ti ń gbó.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ní Àpòmù pé. Ìdílé apẹja ni ìdílé wọn, wọ́n sì ní àṣà kan: ọkùnrin tó bá wá tọrọ ọmọ wọn, wọn á gbé iyán fún un, wọn á fi orí ẹja àrọ̀ lé e, á sì jẹ orí náà níwájú àwọn àgbà. Bí kò bá jẹ ẹ́, kò fẹ́ ọmọ nìyẹn. Wọn kì í bá a jà. Wọn á kàn bá a wá bàtà rẹ̀.

Mo jẹ iyán yí orí ẹja ká títí ó fi dá dúró sáàárín àwo bí erékùṣù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹja ń wò yín o."

"Mo rí i."

Obìnrin náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. N kò tíì lọ sí Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ó máa ń fi oyè Alájì dá mi lọ́lá. Ó ní, "Alájì, kí ni ẹja ṣe?"

"Mo... mo ń fún un láyè kó tutù."

"Ó ti tutù láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ kò fẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wo bàtà mi. Mo rí i pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, obìnrin tó wù mí yóò bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ẹja àrọ̀. Mo bá ké jáde: "Mo fẹ́! Ẹja odò ló ń sọ èèyàn di arúgbó. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lókè òkun!"

Ìyá àgbà kan tí eyín rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ gbé òkèlè tirẹ̀ sílẹ̀. "Háà. Mo ti ń rò ó pé kí ló ṣe mí."

Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ lu itan. "Ẹ wá gbọ́! Ẹja ló hu irùngbọ̀n funfun yẹn?"

"Ó lè jẹ́ òun ni!"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹja tí mo ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Aládùúgbò mi... ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ pe ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Kí gbogbo wa máa gbọ́."

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ṣí fóònù sí gbangba. Mo ròyìn fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó káàdì mi.

Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni omi ń tàn jẹ, kì í ṣe ara yín! Bí ẹ bá fi páànù ilé àtijọ́ kan ilé ìdáná lónìí, ẹni tó bá wo páànù nìkan á ní ilé ìdáná yín ti gbó. Ṣé òní kọ́ lẹ kàn án? Ẹja ò lè fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ orí yín. A ò tiẹ̀ tíì mọ bí omi odò tiyín ṣe rí. Ẹni tó ti kú la sì ń yẹ egungun rẹ̀ wò."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní, "Ẹ fi sùúrù ṣe, ó kù díẹ̀ fún egungun Bàbá."

Obìnrin náà kọjú sí mi. "Ẹ ti gbọ́. Ẹ jẹ ẹ́, àbí kẹ́ ẹ máa lọ."

Bí mo bá ní ẹ̀rù ti tán lára mi, irọ́ ni. Ojú ẹja náà ṣì ń wò mí bí ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n bí mi. Mo ní Bísímílà, mo dijú, mo gé e jẹ. Ó dùn! Ata rẹ̀ kọ́kọ́ dé, èéfín tẹ̀ lé e, ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yọ́ sí mi lẹ́nu. Mo rántí gbogbo Jímọ̀ tí mo fi ṣe aládùúgbò mi lóore, àánú ara mi ṣe mí. Mo fa egungun mu, mo mu ojú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀, tó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kí àwọn ààfáà wá so yìgì?"

Egungun kún ẹnu mi, n kò lè fọhùn. Mo ń fọwọ́ júwe, wọn kò mọ ohun tí mo ń wí, èmi pàápàá kò mọ̀.

"Jímọ̀ tó ń bọ̀," ni obìnrin náà dá a lóhùn, ó sì na ṣíbí ọbẹ̀, ó fi ìrù ẹja kan lé iyán mi.