Ẹ̀jẹ̀ Tó Pọ́n Jù

Ẹ̀fọn la máa ń pè é níbi iṣẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló ń fà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í bínú sí orúkọ náà. Ìkánjú ló máa ń bí i nínú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nínú yàrá àyẹ̀wò wa, kò sì lẹ orúkọ ẹnì kan mọ́ ìgò ẹlòmíràn rí. Èmi tí mò ń bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ aránṣọ wọlé, ó ń fọwọ́ ti ògiri. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn lóṣù kan, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà láìrí nǹkan kan. Ẹ̀fọn fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn há a níka, ẹ̀rọ náà kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Dókítà ní, “Ọ́síjìn ara ẹ̀ pé. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Kó lọ sinmi nílé.”

Ẹ̀fọn gbé ìgò àbúrò rẹ̀ sójú fèrèsé, ó gbé ti aláìsàn tó ṣáájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ẹni yẹn dúdú díẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ inú iṣan apá ṣe máa ń rí. Ti àbúrò rẹ̀ pọ́n bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

“Níbo lo gbé jẹnẹrétọ̀ ẹ sí?”

“Inú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí òjò wá bà á jẹ́ ni?”

Ojú Ẹ̀fọn yí padà. Ó kọjú sí dókítà. “Ẹ má jẹ́ kó lọ o. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kì í rùn, òun ló ti jókòó sáyè ọ́síjìn, kò sì fẹ́ dìde. Òun ló mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ́n tó báyìí. Ẹ̀rọ yín ò mọ̀yàtọ̀. Ó rí i pé àyè kún, ó ní ó ti tó.”

Dókítà wo ìgò méjèèjì, kò jiyàn. Wọ́n gbé ọ́síjìn dé.

Ẹ̀fọn tún bi àbúrò rẹ̀ pé, “Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí?”

“Ìyàwó mi. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn, kí òjò má bàa fẹ́ sára aṣọ oníbàárà.”

Ẹ̀fọn pè é lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyàwó gbé e, fóònù náà sì ń pariwo débi pé gbogbo wa ń gbọ́.

“Ẹ káàsán, mà.” Ohùn rẹ̀ wúwo. “Orí ló ń fọ́ mi. Mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.”

“Ìyàwó, má dùbúlẹ̀. Ṣí ilẹ̀kùn, bọ́ síta.”

“Òjò ń rọ̀, mà. Aṣọ oníbàárà á tutù.”

“Jẹ́ kó tutù. Dìde, mò ń gbọ́.”

A gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún. A gbọ́ nǹkan tó ṣubú. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Dókítà ti sáré lọ wá awakọ̀, aránṣọ ń já ọ́síjìn kúrò nímú, èmi ni mo dì í mú.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn dún, ariwo òjò sì kún inú fóònù.

“Mo ti wà níta, mà,” ni ìyàwó wí. “Òjò ń pa mí.”

Ẹ̀fọn jókòó sórí ilẹ̀ yàrá àyẹ̀wò, ó ń sunkún.

“Dúró síbẹ̀,” ó ní. “Jẹ́ kó pa ọ́ títí a ó fi dé.”