Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Kí Mi

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ohun tó kọ́kọ́ sú mi kì í ṣe ilé tó dá. Ìkíni ni. Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ń kí mi, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé kí n dúró ní géètì ilé iṣẹ́ páànù kan ní Sango Ọ̀tà láàárọ̀, kí n máa pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Láti Joju títí dé ọ̀nà Ìjòkó, kò sí ojúlé tí mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀, àti orúkọ ìyá rẹ̀. Àwọn náà mọ̀ mí. Mi ò lè jáde lọ ra ìṣáná kí n má gbọ́ "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" lẹ́nu èèyàn mẹ́fà.

Àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ló burú jù. "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni?" Bí ẹni pé mo lè sọ pé rárá, ó lọ sọ́jà ni, ó ń bọ̀. Ìyá kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ilé adìyẹ ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí ilé adìyẹ kan bá ṣófo lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ti to àga ike síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá náà gbàdúrà fún mi tán, ó ní, "Bàbá, arábìnrin kan wà ní ìjọ wa, ó mọ ọbẹ̀ í sè." Arábìnrin ọ̀hún dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo òrùlé mi bóyá ó ń jò.

Bí mo ṣe jókòó sílé nìyẹn. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí gan. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ ológeere mi jáde, kí n máa gùn ún níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọ̀rẹ́ mi kan, àbúrò ni sí mi, ará Ọ̀ṣun, ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìdí ilé wa. Òun ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni kí òógùn dé síńgílẹ́ẹ̀tì, kó má dé ṣòkòtò."

Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé a kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí èèyàn. Lóòótọ́, èmi náà ti dàgbà, àwọn tó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀ fún ò pọ̀ mọ́. Ìkíni ọ̀fọ̀ ló yàtọ̀. Ta ni yóò jókòó sórí kẹ̀kẹ́ gba "Ọlọ́run á tù yín nínú", tí yóò tún máa tẹ pẹ́dàlì lọ? Wọ́n á ní àbí adìyẹ ló kú fún un ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún, láti ẹnu ọ̀nà mi dé ibi mọ́sálásí, tí èèyàn lè sọ òkò dé, mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ọ̀sán ni mo padà délé. Táyà kẹ̀kẹ́ kò tíì rí eruku.

Ọ̀rẹ́ mi ní àfi ká jókòó, ká wá ọ̀nà tí yóò yípo, tí ẹnikẹ́ni kò ní kí mi níbẹ̀. A yí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan dé, a ń ya ọ̀nà sẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀nà ilé epo ńkọ́?"

"Télọ̀ kan wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń pe orúkọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa."

Ó fi báírò fa igi lé e. "Ẹ̀yìn ọjà?"

"Àna mi."

"Háà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé?"

"Ọ̀gá ilé ìwé yẹn sunkún níbi ìsìnkú ju èmi alára lọ. Bó bá rí mi, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ni."

Ó ju báírò sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ò lọ́tàá ni? Ọ̀tá kan péré là ń wá, ká gba iwájú ilé rẹ̀!"

Mo ronú títí. Ọ̀kan tí mo ní ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wá kí mi.

Igbó ló kù. Igbó tíìkì kan ṣì wà nígbà náà, ṣùgbọ́n yunifásítì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ti fi ògiri gba ìdajì rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí géètì wọn láti wádìí. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ gbé ìwé ńlá kan síwájú mi.

"Bàbá, ta lẹ wá rí?"

"Mi ò wá rí ẹnikẹ́ni."

"Kí ni kí n wá kọ síbí?"

"Kọ ọ́ pé mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ẹnikẹ́ni ò lè wọlé."

A bá yí ọ̀nà wa gba ara ògiri wọn. Yóò gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ilé adìyẹ, yóò la igbó tó kù já, yóò tọ bèbè ibi tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa, yóò sì gba àárín àwọn ilé tuntun tí wọn kò tíì kan ilẹ̀kùn sí padà wálé. Yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń kún ilẹ̀ gbogbo yunifásítì àti ilé àdúrà wọ̀nyí. Wọ́n ti wà á títí ó fi di ọ̀gbun, ògiri rẹ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Bí òjò bá rọ̀, omi á kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹrẹẹrẹ.

"Ẹ ò rí nǹkan," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ọ̀tà ní etíkun, a ò mọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbéra. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ewé tíìkì tó gbẹ fẹ̀ bí àwo, ó ń dún wàràwàrà lábẹ́ táyà. Ẹyẹ nìkan ló rí mi, kò sì sí èyí tó bá mi kẹ́dùn. Mo dé bèbè ọ̀gbun náà, mo sọ̀kalẹ̀ kí n mí. Mo wo omi pupa tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu mi sókè: "Ìyàwó mi, wá wo ibi tí ìkíni lé mi dé!" Mo wá ti kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀ kí n lè rí ìsàlẹ̀ dáadáa.

Ibi tí àwọn awayẹ̀pẹ̀ mẹ́rin ti jáde, mi ò mọ̀. Ọ̀kan so mọ́ mi níbàdí bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bẹ́!"

"Mi ò fẹ́ bẹ́!"

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

"Eré ìdárayá."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bí wọ́n ṣe rò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn ilé padà, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ojú títì ni àwọn ó mú mi gbà, níbi tí èrò wà. Ọ̀kan ń ti kẹ̀kẹ́, ọ̀kan wà níwájú, méjì dì mí lápá mú. Báyìí ni mo ṣe kọjá níwájú gbogbo ilé tí a ti fa igi lé.

Télọ̀ sáré jáde tòun ti tépù lọ́rùn. "Ẹ tú wọn sílẹ̀! Kí ni bàbá jí?"

"Bàbá ò jí nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ bẹ́ sí kòtò ni."

Igbe ta. Ọ̀gá ilé ìwé ti tún bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Inú bí mi. Mo ní, "Ta ló fẹ́ kú? Ẹ̀yin ni mò ń sá fún! Gbogbo yín!"

Ìyá tó ń lọ ata ní ìkángun àdúgbò wa, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó mi, pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé òun nìkan ni kò tíì wá kí mi.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ń sá?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn ilé lèmi náà ń gbà látọjọ́ ìsìnkú, kí n má bàa rí yín. Gbogbo ohun tó dáa ni wọ́n ti sọ tán. Kí lèmi ó wá wí?"

Ó gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó ní kí n jókòó. "Orí bẹ́ǹṣì yìí ló ti máa ń sùn lọ́sàn-án."

"Ta ni?"

"Ìyàwó yín mà ni. Ó ní híhanrun yín kì í jẹ́ kóun sùn lóru. Á gbé ata wá, á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní ariwo ẹ̀rọ mi ò tó tiyín."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú pé ata kì í tètè délé! Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá náà fi aṣọ nu ojú tirẹ̀, ó lọ bu omi fún àwọn awayẹ̀pẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn mu omi tán, ó sún mọ́ mi. "Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló kú gan-an?"

"Ìyàwó mi ni."

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí fìlà. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá."

Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Ẹ ṣé o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú rẹ̀."

Wọ́n bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn.