Ìwé Òfin Tí Mo Rán Pa

Nínú gbogbo ohun tí mo rán nígbà tí mo ń ṣe télọ̀, èyí tó yà mí lẹ́nu jù kì í ṣe aṣọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ni.

Ayé ìjọba ológun ni, nǹkan le dójú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán tuntun mọ́ ní ọjà Agbalátà tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kọ́là ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni wọ́n ń kó wá kí n tú u, kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí Sájẹ́ńtì tó ń ṣọ́ kóòtù fi gbé ìwé òfin wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo tí kóòtù wa ní. Ó ní ìjọba ti fagi lé àwọn ojú ìwé kan nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn lọ́yà ò yéé ṣí wọn.

"Rán wọn pa," ló wí.

Mo fi tépù wọn ìwé náà bí ìṣe mi. "Òwú wo lẹ fẹ́, sà?"

"Kákí."

"Ṣé kí n fi ẹ̀rọ rán an kó le, àbí kí n fọwọ́ ṣe tákìn?" Tákìn ni rírán gbàgẹ̀rẹ̀ tí a fi ń di aṣọ mú títí oníbàárà á fi wá wọ̀ ọ́ wò.

Ó ronú. "Ìjọba wa ti ní àwọn ò ní pẹ́. Ṣe tákìn."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti Hunsu apẹja mọ́lé, torí ó ní àwọn ṣọ́jà ló kó gbogbo ọṣẹ ìlú pamọ́. Wọn ò fẹ̀sùn kàn án, wọn ò tú u sílẹ̀. Mausi ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti rán ọkọ mi mọ́nú ìwé o!"

Oorun dá lójú mi. Nígbà tí lọ́yà wọn dìde ní kóòtù tó sọ pé òfin ò gbà kí a ti ènìyàn mọ́lé láìfẹ̀sùn kàn án, Sájẹ́ńtì pariwo: "Ojú ìwé yẹn ti di rírán!"

Adájọ́ ránṣẹ́ pè mí. "Télọ̀, irú rírán wo nìyí?"

"Tákìn ni, Olúwa mi. A kì í wọ̀ ọ́ jáde. Ẹni tó ni aṣọ ló ń dúró dè."

Adájọ́ fi ìka la àárín òwú, ó di ojú kan, ó ń wo inú ìwé bí ẹni ń yọjú nínú ihò ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i!" ni Sájẹ́ńtì ní.

"Mi ò ṣí i. Mo kàn yọjú ni." Ó kà á sókè. Ó ní àwọn tó kọ ọ́ ò kọ ọ́ torí ọjọ́ tí ara rọ gbogbo ènìyàn. Irú ọjọ́ òní gan-an ni wọ́n kọ ọ́ dè. Ilé ara rẹ̀ ni Hunsu sùn lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Sájẹ́ńtì fi padà dé. "Fi ẹ̀rọ rán an ní ẹ̀ẹ̀mẹta! Kí èèrà má ríbi wọlé."

Mo rán an títí abẹ́rẹ́ fi kán.

Nígbà tó yá, àwọn ológun mìíràn gbàjọba lọ́wọ́ tàná, wọ́n sì ń kó àwọn ti àná sí àtìmọ́lé. Ìyàwó Sájẹ́ńtì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ ti wú.

"Bọ̀ọ̀dá télọ̀, ojú ìwé tí Hunsu fi jáde yẹn, ṣé tákìn ṣì ni?"

"Ẹ̀rọ ni, màdáámù. Ọkọ yín ló ní kí n fi rán an."

Ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín sì tún fẹ́ pa mí. Mo mú abẹ tí mo fi ń tú kọ́là, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a jọ lọ. Ní kóòtù, adájọ́ rí wa, ó fa ìwé mọ́ra, ó sì ti di ojú kan.

"Olúwa mi," mo ní, "ẹ la ojú méjèèjì. A fẹ́ tú u ni."