Ọ̀rọ̀ Tí Àkànní Fẹ́ Bá Ẹ̀gbọ́n Wọn Sọ Lórí Pápá

"Ó dàárọ̀" ni mo mọ̀ ọ́n kí yín láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa, Àkànní ọkọ mi. Ta ni yóò wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dìgbà? Ilé wa ní Markham, ní Kánádà níbí, ti dákẹ́. Ilẹ̀kùn gáréèjì kò ṣí láàárọ̀ mọ́, n kò sì gbọ́ ìró ayùn tí ẹ fi ń gé ọ̀pá mọ́ kí n tó gbé omi tíì kaná. Ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni kò lè kán lójú, ikú kán yín lójú.

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ka ìwé ìsìnkú yìí, tí ẹ kò mọ̀ wọ́n dáadáa, ìgbà ìjọba ológun ni ọkọ mi kúrò ní Ìbàdàn. Bésímẹ́ǹtì, ìyàrá abẹ́ ilé onílé, ni a kọ́kọ́ ń gbé, a sì jọ ń ṣe iṣẹ́ tí a kò lálàá rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní ìhà Oakville, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àwọn ni wọ́n ń yẹ àwọn ẹ̀yà náà wò, bóyá wọ́n bára mu, kí wọ́n tó jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun méjì tó jọra lójú lè má jọra rárá lórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ gáréèjì wa di ibi tí wọ́n ti ń to ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún ènìyàn.

Àkànní, ẹni tó bá ra orí irin tuntun, èyí tó ń kan bọ́ọ̀lù, wá bá yín, tó rò pé kí ẹ ṣáà ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá, kò tíì mọ̀ yín ni. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé orí kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ẹ ó wá dè é mọ́ irinṣẹ́ tí ẹ fi ń wo bí ojú rẹ̀ ṣe dagun sẹ́yìn tó, nítorí ìdagun yẹn ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe ga tó àti ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ó yẹ kí irin kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ máa tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn ilé, kí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é a máa ṣì í ṣe. Inú ẹ̀rọ kan náà ni méjì lè ti jáde, kí ọ̀kan wúwo ju bó ti yẹ lọ, kí èkejì dagun jù. Ẹ máa ń sọ pé, "Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára irin, orúkọ lásán ni. Ìwà rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká wò." Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀ yín títí pé Sátidé ni àwọn fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, pé ìyàtọ̀ kékeré yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì jẹ́ kí Sátidé náà kọjá.

Bọ̀dá Rótìmí, ẹ̀gbọ́n yín, ló fi gọ́ọ̀fù mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń ru báàgì wọn káàkiri pápá ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí a dé ìlú yìí ni Ìyá yín kú. Ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde nígbà náà. Bí ẹ bá jáde ní Kánádà, ẹ kò ní lè wọlé mọ́. Mo rántí pé ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wọ bàtà, ẹ bọ́ ọ, ẹ tún wọ̀ ọ́, ẹ tún bọ́ ọ. Ẹ kò lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀dá sọ lórí fóònù pé, "Ẹni tí kò sin ìyá rẹ̀ kì í ṣe àbúrò mi." Láti ìgbà náà, ìkíni yín kò ní ìdáhùn mọ́, títí irun fi funfun lórí ẹ̀yin méjèèjì.

Ní èṣí, ọmọ Bọ̀dá sọ fún Dàmọ́lá ọmọ wa pé bàbá òun fẹ́ pa gọ́ọ̀fù tì. Wọ́n ra irin tuntun, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni irin kẹfà àti ìkeje ń ju bọ́ọ̀lù sí, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti wọ ọwọ́ wọn. Nídìí oúnjẹ ni Dàmọ́lá ti ròyìn rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ìṣe rẹ̀. Ẹ fi síbí sílẹ̀, ẹ gbé fóònù. Mo gbọ́ tí ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Àkànní ni. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọn irin yẹn."

Mo rò pé wọ́n máa gé fóònù náà. Wọ́n bi yín bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Oúnjẹ yín tutù síbẹ̀, ẹ ṣì ń ṣàlàyé. Nígbà tí ẹnì kan bá wọn wọ̀n ọ́n ní Ìbàdàn, ìdagun irin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Bọ̀dá pe fóònù padà fúnra wọn, wọ́n ní, "Àbúrò mi, o ṣeun." Ẹ tún un sọ fún mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

Ẹ bá ṣèlérí pé ẹ ó to ọ̀pá fún wọn, pé kí wọ́n wá kí wa nígbà ooru, kí ẹ jọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá kan ní Richmond Hill. Mo ní kí ẹ ti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ Ìyá lórí fóònù. Ẹ kọ̀. Ẹ ní, "Ọ̀rọ̀ Ìyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Bí a bá ń rìn lọ lórí pápá, tí a kò wo ojú ara wa, màá lè sọ ọ́."

Àwọn orí irin tí ẹ rà fún wọn dé, díẹ̀ nínú wọn kò pé ìwọ̀n, ẹ dá wọn padà. Òmíràn dé, irin kẹjọ dagun jù. Ọ̀rẹ́ yín kan ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ ní irin dídà ni, ó le, ó lè sán. Ẹ tún dá a padà. Báyìí ni òtútù ọdún yìí ṣe lọ. Físà Bọ̀dá jáde, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbẹ̀yìn, gbogbo irin náà tọ́, ẹ sì pè mí wá wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀pá tán, mo gbé tíì wá bá yín. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀pá kan wà lórí itan yín. Mo pè yín. Àwọn tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì sapá, dókítà sapá. Ẹ kò dáhùn.

Ó dùn mí, Àkànní. Irin lè dúró di ìgbà tó bá tọ́. Mo ń bi ara mi bóyá ọ̀rọ̀ náà lè dúró bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà, wọ́n wá sin yín. Wọ́n wọ gáréèjì, wọ́n gbé irin kan, wọ́n fi orí rẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọn kò lè ṣe é. Wọ́n jókòó sórí àga yín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, Ìyá ló ní ká má pè é wálé. Lórí àìsàn, wọ́n ní kí Àkànní dúró síbi tó ti rí ìsinmi, pé àwọn ti súre fún un. Èmi ni wọ́n rán. N kò jẹ́ iṣẹ́ náà, torí inú ń bí mi pé èmi nìkan ni mo dá sin wọ́n." Wọ́n sunkún. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ sọ ọ́ fún yín lórí pápá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́ síbí.

Nítorí náà, ọkọ mi, iṣẹ́ tí Ìyá rán sí yín nìyí, ó pẹ́ kó tó dé. Ìyá kò bínú sí yín. Wọ́n ti súre fún yín kí wọ́n tó lọ. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìrọ̀rí, Àkànní. Ẹ sùn re o.

Ìyàwó yín,
Ìyá Dàmọ́lá