Akọ Màlúù Tí Wọ́n Bí Lẹ́ẹ̀mejì

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníwo, ló pa Jagun fúnra rẹ̀. Jagun ni àgbà akọ màlúù ní oko ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí Bàbá Oníwo ti ń ṣiṣẹ́ darandaran. Àrùn ẹsẹ̀ tó ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mú un rí, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹran fi ń gẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó já sí kòtò, tí itan rẹ̀ ṣẹ́, tí egungun yọ síta, Bàbá Oníwo kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó fi ẹ̀yìn àáké gbá a níwájú orí, ó fi ọ̀bẹ là á lọ́fun. Ẹran náà kò jà. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Omijé kan kò bọ́ lójú Bàbá Oníwo. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé Jagun á padà wá.

Dókítà àgbà, obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, ti gé díẹ̀ pamọ́ lára awọ etí Jagun sínú yìnyín. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹran tí àrùn kì í mú lè pọ̀, kí ó lè dé ìkòkò ọbẹ̀ tálákà. Wọ́n fi awọ yẹn dá ọlẹ̀, wọ́n gbé e sínú abo màlúù kan, ó sì bí akọ: ara pupa kan náà, ojú kan náà.

Nínú ìjọ wa, àwọn kan ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ gbà ṣe. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá awọ ló dá ọpọlọ dókítà. Bàbá Oníwo ní tirẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀yin ẹ máa retí àjíǹde. Tèmi ti dé.”

“Bàbá àwọn ọmọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “màlúù ni o, kì í ṣe bàbá yín ló jí.”

Ọ̀tọ̀ ni àwọn dókítà ti tọ́ ọmọ màlúù náà dàgbà. Nígbà tí ìwo rẹ̀ le, wọ́n fà á lé Bàbá Oníwo lọ́wọ́. Kò sí darandaran tí í wọlé tọ akọ àjèjì láìmú ọ̀pá dání. Ṣùgbọ́n ta ní í mú ọ̀pá tọ Jagun lọ? Bàbá Oníwo fi ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kọ ẹ̀yìn sí i láti bu omi fún un, bó ti máa ń ṣe láyé Jagun.

Ìwo wọ ìhà rẹ̀. Ẹran náà gbé e sókè, ó là á mọ́ ògiri, ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ kan rún. Bàbá Oníwo ń ké pé, “Jagun, èmi ni!” Irin ni àwọn òṣìṣẹ́ fi lé e kúrò lórí rẹ̀.

Dókítà bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. “Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ yìí, bàbá. Tẹ́ ẹ bá ní ká pa á, a ó pa á.”

“Ẹ pa á,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹ má pa á. Kò tíì rántí mi ni,” ni Bàbá Oníwo wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè gbàdúrà dáadáa. Bí Olúwa bá gbé ara yìí dìde, tí mo wá wo ìyá mi lójú, tí n kò dá a mọ̀, ta ló jí? Mo béèrè. Mo ṣì ń béèrè.

Nígbà tí Bàbá Oníwo lè rìn, ó padà lọ sí oko. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àáké, ó tẹ̀ lé e. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ẹnu géètì ni ọkọ rẹ̀ dúró sí, ó ń fohùn jẹ́jẹ́ pe Jagun. Ẹran náà fi orí já géètì, ó kọjá lára rẹ̀, ó kan ẹ̀gbọ́n mi lulẹ̀. Mo gbọ́ bí apá ẹ̀gbọ́n mi ti dún nígbà tó ṣẹ́.

Bàbá Oníwo fi ọwọ́ kejì he àáké, ó ṣá a. Èkíní yọ̀ lórí ìwo, ó fọ́ ojú kan. Èkejì wọ ọrùn, ẹ̀jẹ̀ tú bò wá. Ẹran náà ṣì ń jà lórí eékún, ó ń fi ìwo wá a kiri, Bàbá Oníwo sì ń ṣá a lọ títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

“Kò mọ̀ mí rí,” ló wí.

Dókítà sáré dé, ó di apá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ igi. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé awọ ṣì kù nínú yìnyín. “Bàbá, ṣé ẹ ó lè tọ́jú òmíràn?”

Ọkọ wo ìyàwó.

“Ẹ ṣe é,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ń wa eyín pọ̀. “Àwọn èèyàn á jẹ ẹran. Àmọ́ ẹni tó bá pè é ní Jagun, èmi àtolúwarẹ̀ ni.”

Bàbá Oníwo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìhà rẹ̀ kò jẹ́. Ó bá jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń sunkún Jagun.